Àbọ̀ ìkẹyìn: táyà kò ha ṣásì mọ́

Ọ̀rọ̀ mọ́tò àfọwọ́tò tí táyà iwájú rẹ̀ ń ha ṣásì, irin tó gbé mọ́tò dúró, bí sítíárìn bá yí dópin ti yanjú. Ẹ má gé ṣásì o! Òrùka náílọ́ọ̀nù méjì ló yanjú ẹ̀, mílímítà 10 ní fífẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, lórí ọ̀pá ráàkì (ọ̀pá sítíárìn tó ń yí táyà sọ́tùn-ún sósì) lábẹ́ rọ́bà tó bò ó. Wọn kì í jẹ́ kí táyà yí tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹni tó ń gé irin l'Ákùúrẹ́ ló gé wọn, ó la ẹ̀gbẹ́ kan kí wọ́n lè há mọ́ ọ̀pá láìtú u.

Ẹ kọ́kọ́ mú ráàkì sáàárín gbùngbùn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀gbẹ́ kan á ṣì máa ha. Ẹ sì fi jáàkì ti ẹsẹ̀ táyà sókè kí sípíríńgì sún kì kí ẹ tó wọn àyè, torí inú kòtò ni táyà ti ń ha jù. Mílímítà 12 ló kù láàárín táyà àti ṣásì báyìí. Ṣùgbọ́n torí táyà kò yí tó tẹ́lẹ̀, ṣíṣẹ́rí mọ́tò l'Ọ́jà Ọba ń gba àyè díẹ̀ sí i.