Ṣé a lè fi ilẹ̀ ẹbí yá owó ní bánkì àgbẹ̀ ti ìjọba?

Ẹ̀yin ará mi, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ láti Ìjẹ̀bú-Igbó, níbi tí èmi àti ìyàwó mi ti ń dáko ẹ̀gẹ́ tí a fi ń ṣe gàrí. Mo fẹ́ yá owó ní bánkì àgbẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1972, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ẹbí ni mo ń dá, kò sì ní ìwé ìjọba. Ǹjẹ́ wọ́n lè gba ìwé tí olórí ẹbí fọwọ́ sí, tàbí kí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ṣe onígbọ̀wọ́ mi? Ìsanpadà ló ń kọ mí lóminú jù, nítorí pé ẹ̀gẹ́ wa a máa lò tó oṣù 12 nínú ilẹ̀ kí a tó wú u, n kò sì lè san owó lóṣooṣù ṣáájú ìgbà náà. Ẹni tó bá ti yá a rí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.