Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí ọmọ mi ń di abẹ́ ìhà mú. Kí ló lè fà á?

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́, Bódìjà:
Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 15, ó wà ní SS2. Kíláàsì ni mo wí o, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. AA ni ẹ̀jẹ̀ tiẹ̀, a ti yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tó wà ní jẹ́lé-ó-sinmi. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ti ń sọ pé abẹ́ ìhà ń dun òun, lọ́wọ́ ọ̀tún, níbi tí egungun ìhà parí sí kí ikùn tó bẹ̀rẹ̀. Tó bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wọ bàtà, tàbí tó ń gbé kẹ́ẹ̀gì omi gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, á kàn dúró lójijì, á di ẹ̀gbẹ́ mú, á ní, "Màámi, ó tún ti gún mi." Tó bá ṣe díẹ̀, á ní ó ti lọ. Kò bì, ara rẹ̀ ò gbóná. Oúnjẹ ńkọ́? Àmàlà mi ò bà á lẹ́rù rárá.

Oníkẹ́místì àdúgbò wa ò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án. Ó da oògùn mẹ́rin sínú ọ̀rá, ó ní ibà àti táífọ́ọ̀dù ni. ₦3,500 wọlẹ̀ lọ. Ìyá ọkọ mi ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, pé mo ń fún un ní ṣúgà jù. Jẹ̀díjẹ̀dí lábẹ́ ìhà! Mo dákẹ́, ìyá ọkọ ni.

Ohun tó ń dẹ́rù bà mí ni pé ọwọ́ ọ̀tún ni ẹ̀dọ̀ wà. Àrùn ẹ̀dọ̀ ló pa ọkọ aládùúgbò ìsọ̀ mi kan. Oorun ò kun ojú mi mọ́.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Mọ́kọ́lá:
Ẹ kú wàhálà ọmọ, ìyá wa. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, mi ò sì rí ọmọ náà, torí náà ìbéèrè ni tèmi. Ṣé tó bá mí kanlẹ̀ ló ń gún un, tó sì ń wúkọ́? Òtútù àyà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣé ẹ̀yìn oúnjẹ elépo ló ń dé, tó ń ràn lọ sí èjìká ọ̀tún? Ẹ ronú kan àpò òróòro. Tó bá jẹ́ pé ṣe ló ń ta á lókè ikùn nígbà tí ebi bá ń pa á, ó lè jẹ́ ọgbẹ́ inú, pàápàá bó bá ń gbé ibuprofen mì láìjẹun. Tó bá ti ẹ̀yìn wá, tí ìtọ̀ ń ta á, tí òtútù ń mú un, kíndìnrín nìyẹn. Ti ẹ̀dọ̀ tí ẹ ń bẹ̀rù, ẹ wo funfun ojú rẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán bóyá ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, kí ẹ sì bi í bóyá ìtọ̀ rẹ̀ dú bíi Coke. Ẹ má fojú di ìgbẹ́ gbígbẹ náà o. Mo ti rí ọmọ tó ń pariwo ìhà, tó jẹ́ pé ọjọ́ márùn-ún ni kò tíì yàgbẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ ní kó fẹ̀yìn lélẹ̀. Ẹ fi orí ìka kan ṣoṣo tẹ etí egungun ìhà náà díẹ̀díẹ̀. Tó bá jẹ́ ojú kan géérégé ló ti pariwo, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ egungun tàbí iṣan.

Síbẹ̀, ẹ mú un lọ rí dókítà. Tó bá sì ṣòro fún un láti mí, tí ojú rẹ̀ pọ́n, tó ń bì léraléra, tàbí tí òòyì ń kọ́ ọ, ẹ má dúró dilẹ̀ mọ́. UCH tàbí Adéọ̀yọ́ lóru ọjọ́ náà.

Bàbá Ìbejì, Mọ́níyà:
Ẹ̀jẹ̀ jẹ́lé-ó-sinmi yẹn, ẹ tún un yẹ̀ wò. AS ni wọ́n kọ fún ọmọ mi obìnrin ní kékeré, SS ló padà jẹ́. Abẹ́ ìhà ọ̀tún kan náà ló ń dùn ún, a rò pé fòníkú-fọ̀ladìde ló tún gbé e dè bó ṣe máa ń ṣe. Síkáànì ló fi hàn pé òkúta ti wà nínú àpò òróòro rẹ̀. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ tó ń tètè fọ́ lára àwọn SS ló ń di òkúta bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Ọ̀jẹ́:
Agbo ẹ̀gún ni kí ẹ rà fún un jàre. Ṣíbí mẹ́ta, ó parí.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Mọ́kọ́lá:
Ẹ dákun, ẹ má fún un ní agbo kankan kí a tó mọ ohun tó ń ṣe é. Ẹ̀dọ̀ náà ni agbo ń kọjá lára.

Àkàndé Ṣọ́ká:
Màmá, ẹ bi í bóyá wọ́n gbá a níbi bọ́ọ̀lù. Ẹ bi í nígbà tí kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀. Èmi fi irú ẹ̀ pamọ́ rí.

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́, Bódìjà:
Ẹ ṣeun o. Mo tẹ̀ ẹ́ lálẹ́ ọjọ́ kejì. Gbogbo ibi tí mo tẹ̀ ló ń rẹ́rìn-ín, àfi ojú kan tí kò ju kọ́bọ̀ lọ. Ariwo tó pa, aládùúgbò kan ilẹ̀kùn. Mo wá bi í bí Àkàndé ṣe ní kí n bi í. Ó wolẹ̀. Gólì kan ló fi ìgbọ̀nwọ́ gbá a ní pápá iléèwé, lọ́jọ́ tó sọ fún mi pé ẹ̀kọ́ àfikún lòun lọ.

Dókítà obìnrin kékeré kan ló rí wa. Ó ti ìka mẹ́ta bọ abẹ́ ìhà ọmọ náà, ó fà á síwájú bí ẹni fẹ́ ṣí ọmọrí ìkòkò. Mo gbọ́ "kọ́!" pẹ̀lú etí mi. Ọmọ fò sókè, ó ní, "Òun gan-an nìyẹn!" Dókítà ní egungun ìhà 7 àkọ́kọ́ ló dì mọ́ egungun àyà fúnra rẹ̀, pé ìkẹjọ sí ìkẹwàá, kèrékèré ni wọ́n fi dì mọ́ra wọn. Èyí tó bá tú nínú wọn á máa yọ̀ lọ sábẹ́ èkejì, á fún iṣan tó ń mọ ìrora mọ́lẹ̀. Wọ́n ṣe síkáànì, wọ́n gba ìtọ̀, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀dọ̀ dára. AA náà ló ṣì jẹ́, Bàbá Ìbejì.

Kò gbọdọ̀ gbá bọ́ọ̀lù, kò gbọdọ̀ gbé ẹrù fún ọ̀sẹ̀ 6. Yìnyín ni kó máa fi lé e, oògùn ìrora lẹ́yìn oúnjẹ nìkan, ká sì padà wá bí kò bá lọ. Èmi ni mo wá ń gbé kẹ́ẹ̀gì omi gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì báyìí. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi.