Àbọ̀ ìbéèrè mi: bí ayàwòrán ṣe lè rówó ní Ìkòròdú

Èmi tí mo béèrè bí ayàwòrán ṣe lè rí iṣẹ́ olówó láyé fóònù yìí ti dé o. Ìmọ̀ràn pé kí n lọ bá àwọn aránṣọ ló mówó wá. Mo gbé ìwé àwòrán mi lọ sí Sábó. Màmá aránṣọ kan níbẹ̀ ní kí n ya aṣọ tí oníbàárà rẹ̀ ò lè ṣàlàyé. Aránṣọ mẹ́rin ló ń pè mí báyìí, owó ọwọ́, kò sí àwìn. (Ẹni tó ní kí n kọ́kọ́ máa yà á lọ́fẹ̀ẹ́, ṣé ẹ máa bọ́ mi ni?) Fiverr, ìkànnì tí èèyàn ti ń rí iṣẹ́ gbà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mú díẹ̀ wá: iṣẹ́ dọ́là 10 kan ṣoṣo, wọ́n yọ 2 tiwọn, ó ku 8. Ìmọ̀ràn pé kí n lọ bá ilé ìtẹ̀wé ló kù. Wọ́n ní kí n lọ kọ́ CorelDRAW, ètò tí wọ́n fi ń ya àwòrán lórí kọ̀ǹpútà, ná. Ẹ ṣé.