Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ra ilé ìtajà tàbí ilé ìkẹ́rùsí rí, kí lẹ bá lábẹ́ ẹ̀?

Ìyá Elépo, Houston

Ẹ kú ojúmọ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Mo fẹ́ sọ ohun tójú mi rí, ẹ̀yin náà ẹ wá sọ tiyín, torí mo rí i pé rẹ́ǹtì ti sú ọ̀pọ̀ nínú wa, olúkálukú ti ń wá ilé okòwò tara ẹ̀.

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń san rẹ́ǹtì ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ wa lápá Bissonnet níbí, gààrí, epo pupa, ẹja gbígbẹ, gbogbo ẹ̀ gbogbo ẹ̀. Bàbá kan wá ń ta ilé kan tí ṣọ́ọ̀bù márùn-ún tò sí lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ibi ìgbọ́kọ̀sí fẹ̀ dáadáa, òrùlé tuntun, ó ti kun gbogbo ẹ̀ ó ń dán. Mo wò ó, mo ní Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà mi. Àfi báńkì tó ní kí n ṣe Phase I kí wọ́n tó yá mi lówó. Mo ní kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀? Wọ́n ní ẹnì kan á wá wádìí bóyá wọ́n ti da májèlé sílẹ̀ ibẹ̀ rí. 2,600 dọ́là. Kò ní gbẹ́lẹ̀ o, kò ní bu omi, á kàn rìn ká ni, á ya fọ́tò, á bi èèyàn léèrè ọ̀rọ̀, á lọ tú ìwé. Inú bí mi, mo ń bá ọkọ mi rojọ́ pé owó kí ni wọ́n tún ń gbà lọ́wọ́ mi báyìí, ilé ṣá nìyí, gbogbo wa là ń rí i.

Ọmọkùnrin tí wọ́n rán wá kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó lọ sẹ́yìn ilé, ó tẹjú mọ́ gọ́tà títí bí ẹni tí owó ẹ̀ bọ́ síbẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ìwé ránṣẹ́, ó lé ní igba ojú ewé. Ó ti lọ wá fọ́tò àdúgbò náà tí wọ́n yà látinú bàálù láyé àtijọ́, ó lọ tú àwọn ìwé àdírẹ́sì ìlú tó ti gbó, ó wá rí i pé láti 1978 títí di 1996, ṣọ́ọ̀bù kẹrin, ibi tí wọ́n ti ń kun èékánná báyìí, àwọn drycleaner, àwọn tó ń fi kẹ́míkà fọ aṣọ, ló wà níbẹ̀. Bàbá tó ń ta ilé ní òun ò mọ̀, 2003 lòun rà á. Bóyá òótọ́ ni, bóyá irọ́ ni, ìyẹn dọwọ́ Ọlọ́run.

Kí ló wá burú ńbẹ̀? Kẹ́míkà tí wọ́n fi ń fọ aṣọ yẹn, perc ni wọ́n ń pè é, ó wúwo ju omi lọ. Pẹtiróòlù tó bá dà sílẹ̀, orí omi ló máa ń léfòó sí. Perc ò ṣe bẹ́ẹ̀, ńṣe ló ń rì lọ ní tiẹ̀, á gba ojú ibi tí kọnkéré ti sán, á gba oríkèé páìpù tó ń gbé ẹ̀gbin lọ, á dé ibi tí omi wà nísàlẹ̀, á jókòó síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Èyí tó wá burú jù ni pé oru ẹ̀ á tún máa gòkè padà wá sínú ilé, àwọn tó wà ńbẹ̀ á máa fà á símú, wọn ò ní mọ̀. Wọ́n ti so ó mọ́ àrùn jẹjẹrẹ, ìjọba Amẹ́ríkà gan-an ṣòfin ní December 2024 pé káwọn afọṣọ pa á tì díẹ̀díẹ̀ láàárín ọdún mẹ́wàá.

Òfin mìíràn tún wà láti 1980, CERCLA, ẹni tí orúkọ ẹ̀ bá wà lórí ilẹ̀ ni wọ́n lè mú pé kó wá palẹ̀ ẹ̀gbin náà mọ́, ì báà jẹ́ àná ló rà á. Ẹ gbọ́ o, ní 1978 ọmọ ọwọ́ ni mí n'Íjẹ̀bú-Igbó! Lọ́yà mi ní ohun tó lè yọ mí ni kó wà lákọsílẹ̀ pé mo wádìí kí n tó rà, kí n sì tọ́jú ibẹ̀ bó ṣe yẹ lẹ́yìn náà. Ìgbà yẹn ni 2,600 dọ́là bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mọ́ mi.

A wá ṣe Phase II. Èyí ni wọ́n ti ń gbẹ́lẹ̀. Ihò mẹ́rin, ẹnu ẹ̀ ò ju ẹnu ife tíì lọ, ọ̀kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga tí ọmọbìnrin kan ń jókòó sí kun èékánná oníbàárà. Wọ́n bu yẹ̀pẹ̀, wọ́n bu omi, wọ́n tún fa afẹ́fẹ́ abẹ́ kọnkéré sínú agolo irin kan. 14,500 dọ́là lọ síbẹ̀. Èsì dé, perc wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bàbá ní òun á yọ 80,000 dọ́là kúrò lórí owó ilé, kí n ṣáà rà á bó ṣe wà. Mo bi lọ́yà pé èló ni wọ́n máa fi palẹ̀ ẹ̀ mọ́? Ó ní "Mà, èmi ò mọ̀, bàbá náà ò mọ̀, ìdí tó fi ń yọ owó fún yín nìyẹn." Àdéhùn wa fún mi ní ọgọ́ta ọjọ́ láti fi yẹ nǹkan wò, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gọ́ta ni mo kọ̀wé pé n ò rà mọ́, wọ́n dá owó àsansílẹ̀ mi padà. Owó àyẹ̀wò ti lọ ní tiẹ̀.

Ọmọ Alímọ̀ṣọ́

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Tèmi ò gbà pé kí wọ́n tú ìwé kankan, imú ló tú u. Mo fẹ́ ra búńgálò kan àti ilẹ̀ ẹ̀yìn ẹ̀ ní Baruwa, Ìpájà, kí n fi ṣe ilé iṣẹ́ píọ̀ wọ́tà. Ẹ́jẹ́ǹtì ní kànga wà ńbẹ̀ tí ò gbẹ rí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ, ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ni onílé tan jẹ́nẹ́ kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ kànga, ó ní NEPA ò múná wá. Mo ń gbóòórùn pẹtiróòlù, mo ní jẹ́nẹ́ ni.

Ẹ̀ẹ̀kẹrin mo mú bàbá kan tó ń gbẹ́ kànga dání, a dé ibẹ̀ láago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, a ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Jẹ́nẹ́ wà ní pípa, òórùn ṣì wà ńbẹ̀. Bàbá ju garawa sí kànga, ó fà á sókè, ó gbé e síbi tí oòrùn ti ń yọ, ojú omi ń dán yànrànyànràn bí ọrùn ẹyẹlé. Ó ti ìka kan bọ̀ ọ́, ó gbé e símú, ó yí sí mi, ó ní "Ọ̀gá, ẹ má ṣáná síbí o." Ó tẹ garawa dorí kodò, ó ń lọ sídìí ọ̀kadà. Owó iṣẹ́ ẹ̀ gan-an kò gbà.

Ohun tó ń dùn mí ni pé gbogbo Èkó ló mọ ọ̀rọ̀ Baruwa. Láti ọdún 1990 sí nǹkan ni epo ti ń jò sínú kànga wọn láti ara páìpù abẹ́ ilẹ̀, ìwé ìròyìn gbé e léraléra. Ẹ̀gbẹ́dá ni mo dàgbà sí o! Ẹ̀dínwó tí onílé ṣe fún mi ni ò jẹ́ kí n rántí.

Ẹ̀gbọ́n Ṣàgámù

Ẹ má bínú o, àsọdùn ti ń wọ̀ ọ́. Ti Amẹ́ríkà yẹn, mo gbà. Nílé níbí, lọ́yà tó máa lọ yẹ ìwé wò ní Àláúsá àti sọ́féyọ̀ tó máa sọ bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ ọ̀hún, ó ti tó. Ta ló fẹ́ sanwó fún ẹni tó ń gbóòórùn ilẹ̀?

Ìnjíníà Mushin

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àárọ̀ sà. Ìwé lè pé kí ilé má pé. Ẹnì kan fẹ́ ra òtẹ́ẹ̀lì alájà mẹ́ta ní ìtòsí ọ́fíìsì mi, lọ́yà ti yẹ ìwé wò tán, ó ní kò lábùkù, wọ́n ṣáà ní kí n kàn yọjú síbẹ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́ mi. Mo débẹ̀, ìsàlẹ̀ nìkan ni wọ́n kùn, ọ̀dà ṣì ń rùn. Ẹ jẹ́ n sọ fún yín, ọ̀dà tuntun máa ń bà mí lẹ́rù ju ògiri tó sán lọ, torí èyí tó sán kò purọ́ fún mi.

Mo mú irin kékeré mo ń fi kan àwọn òpó lọ́kọ̀ọ̀kan. Òpó tó dáa á dún kó kó kó. Mo dé òpó kẹta lábẹ́ ilé ìwẹ̀, ó dún gbò. Mo ní kí wọ́n jẹ́ n ha ọ̀dà kúrò, mánijà ń wo ojú mi. Sìmẹ́ńtì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí bí èèpo àlùbọ́sà, irin inú ẹ̀ ti dípẹtà ó ti wú, torí irin tó bá dípẹtà kì í dúró bó ṣe wà, á máa fẹ̀ ni, òun fúnra ẹ̀ ló ń ti kọnkéré dànù. Páìpù ilé ìwẹ̀ òkè ti ń jò sí i lára fún ọdún tí ẹnikẹ́ni ò kà. A wá gbé òòlù kan wá, èyí tó máa ń ta padà tá a bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ kọnkéré, bó bá ṣe ta padà sí la fi ń mọ bó ṣe le sí. Nọ́ńbà tó ń jáde kò dùn ún gbọ́. Mo ní kí wọ́n gbẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó kan kí n rí ìpìlẹ̀, a gbẹ́ ẹ títí, ibi tí mo retí pé kọnkéré á ti fẹ̀ gan-an, kò ju ẹnu bẹ́sìnnì kan lọ. Ni arúgbó kan ní iwájú ilé bá là á fún wa pé bàbá onílé kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ṣoṣo, ọmọ ló gbé ìyókù lé e.

Àlékún yìí ló ń pa wá. Ilé Gerrard Road ní Ìkòyí tó wó ní November 1, 2021, ilé alájà 21 ni, ìjọba ní alájà 15 làwọn fọwọ́ sí, ó lé ní ogójì èèyàn tó bá a lọ.

Ẹni yẹn ṣì ra òtẹ́ẹ̀lì o. Ó ní kí wọ́n ta á fún òun ní iye ilẹ̀ lásán, mo fún un ní rípọ́ọ̀tù mi, ó gbé e síwájú onílé, kò sọ̀rọ̀ kan. Wọ́n jọ rojọ́ títí, wọ́n gbà. Ó wó gbogbo ẹ̀ palẹ̀. Nítorí náà kì í ṣe gbogbo ìgbà ni àyẹ̀wò ń ní kéèyàn má rà, ó lè jẹ́ iye tó yẹ kéèyàn san ló máa sọ.

Ẹ̀gbọ́n Ṣàgámù

Hmm. Ó yé mi. Mo ní ilé kan tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi kan òpó ẹ̀, màá wá yín kàn.

Díkónì Old Kent Road

Ẹ jẹ́ n bá yín rẹ́rìn-ín, torí tiwa kù díẹ̀ kó di ẹkún. Ṣọ́ọ̀ṣì wa ra ilé iṣẹ́ kan tó ti pa tì, ilé tí wọ́n kọ́ ní nǹkan bí 1960 sí nǹkan, ẹ̀yin ará Lọ́ńdọ̀nù mọ̀ bí àwọn ṣọ́ọ̀ṣì wa ṣe pọ̀ tó nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ládùúgbò yẹn. Olórí àwọn ọkùnrin wa wá ní kí a má náwó fáwọn òṣìṣẹ́, kí gbogbo wa wá ní Sátidé pẹ̀lú òòlù kí a fọ́ sílíìnì fúnra wa, àwọn ìyá ti ṣètò jọ̀lọ́ọ̀fù, àwọn ọ̀dọ́ ti ra ìbọ̀wọ́. Ọjọ́bọ̀ ni sọ́féyọ̀ tó ń yẹ ilé wò gbọ́, ó fi ìmeèlì ránṣẹ́, gbogbo lẹ́tà ẹ̀ ló tóbi: Ẹ MÁ FỌWỌ́ KÀN ÁN.

Asbestos ni. Èyí tí púpọ̀ nínú wa sùn sábẹ́ ẹ̀ dàgbà nílé, tá a máa ń wo àbàwọ́n omi lára ẹ̀. Bó bá dákẹ́ síbi tó wà kò fi bẹ́ẹ̀ ní wàhálà, tẹ́ ẹ bá fọ́ ọ ni eruku ẹ̀ á wọ ẹ̀dọ̀fóró, ó sì lè tó ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí àìsàn ẹ̀ tó hàn. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì níbí fòfin de oríṣi méjì nínú ẹ̀ ní 1985, wọ́n de èyí tó kù ní 1999, nítorí náà ilé tí wọ́n bá ti kọ́ ṣáájú ìgbà yẹn, ẹ fura sí i.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ẹni tó ta ilé fún wa ti fún wa ní rípọ́ọ̀tù asbestos tẹ́lẹ̀! Pásítọ̀ ti gbàdúrà sí i lórí. Àṣé oríṣi méjì ló wà, tọwọ́ wa jẹ́ ti ẹni tó kàn fẹ́ máa lo ilé bó ṣe wà, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ tú nǹkan. Ẹni tó bá fẹ́ fọ́ nǹkan gbọ́dọ̀ ṣe òmíràn, èyí tí wọ́n máa ń lu ògiri wò. A san 9,000 pọ́n-ùn fáwọn tó ní ìwé àṣẹ láti kó o kúrò, wọ́n wọ aṣọ funfun bí eégún. Jọ̀lọ́ọ̀fù ọjọ́ Sátidé yẹn, a jẹ ẹ́ lórí ìdúró nínú ibi ìgbọ́kọ̀sí.

Bọ̀dá Ìbàdàn

Ẹ má gbàgbé omi o. Mo fẹ́ ra ilé ìkẹ́rùsí kan lápá Odò Ọ̀nà, onílé búra pé omi ò wọ ibẹ̀ rí. Mo kàn ní kí wọ́n bá mi sún kọ́bọ́ọ̀dù kan kúrò lára ògiri. Ilà ẹrẹ̀ wà lẹ́yìn ẹ̀, ó dé ìbàdí mi. Mo ní ti ìgbà wo nìyí? Ó ní "Ti 2011 nìyẹn, ìyẹn ò kà, gbogbo Ìbàdàn lomi gbé lọ́dún náà."

Ọmọ Alímọ̀ṣọ́

Bọ̀dá, "ìyẹn ò kà" ti pa mí 😂. Ìyá Elépo, ẹ jọ̀ọ́, àwọn ọmọ tó ń kun èékánná yẹn ńkọ́?

Ìyá Elépo, Houston

Wọ́n ṣì wà ńbẹ̀. Lọ́yà ní n ò gbọdọ̀ máa pín rípọ́ọ̀tù kiri, mo gbọ́, ṣùgbọ́n mo lọ kun èékánná níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, èmi tí n kì í kun èékánná, mo ń bá ọmọ tó ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò yẹn sọ̀rọ̀. Wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì dí ihò náà, ó dà bí owó onírin láàárín táìlì. Mo sọ ohun tí mo mọ̀ fún un. Ó ní ọ̀gá àwọn ti sọ pé àyẹ̀wò páìpù ni wọ́n wá ṣe.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ọkùnrin kan pè mí, ó ní òun náà fẹ́ ra ilé yẹn, ṣé mo lè ta rípọ́ọ̀tù mi fún òun ní ààbọ̀ owó. Mo ní orúkọ èmi àti báńkì mi ló wà lórí ẹ̀, kò lè fi gbèjà ara ẹ̀, àti pé Phase I kì í kọjá ọjọ́ 180 kí wọ́n tó máa ní kéèyàn tún un ṣe, tèmi sì ti pé ọdún kan ó lé. Mo ní kó lọ bẹ ẹni tiẹ̀ lọ́wẹ̀, kó sì sọ fún un pé kó wo ṣọ́ọ̀bù kẹrin dáadáa. Ó ní bàbá ti sọ fún òun pé ilé ìwẹ̀ ibẹ̀ ló ń rùn.