Ta ló ń mu omi ṣúgà ẹyẹ akùnyùnmù tán lóru ní gúúsù Arizona?

Ará_Aṣálẹ̀:
Ẹ ǹlẹ́ o. Tí oṣù Kẹjọ bá ti ń lọ sópin báyìí, ike omi ṣúgà tá a gbé kọ́ síta fún ẹyẹ akùnyùnmù, tó kún dẹ́nu lálẹ́, máa ń gbẹ táútáú kílẹ̀ tó mọ́. Ike ò jò, èèrà ò sì sí níbẹ̀. Wọ́n ní àdán ni. Ihò tíntìnntín ara ike yẹn, báwo ló ṣe ń rí i mu? Ṣé ká máa gbé e wọlé lálẹ́ ni?

Ìràwọ̀_Alẹ́:
Àdán ni. Irú àdán méjì ló ń ṣe é níbẹ̀: Leptonycteris yerbabuenae àti Choeronycteris mexicana. Láti Mẹ́síkò ni wọ́n ti ń tọ òdòdó bọ̀, ti ọrọ́ saguaro, lẹ́yìn náà ti ewéko agave.

Ẹnu ò wọ ihò yẹn, ahọ́n ló ń wọ̀ ọ́. Àdán á rábàbà lójú kan, á yọ ahọ́n, á lá a, ó ti lọ, kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Fọ́nrán bí irun wà ní ṣóńṣó ahọ́n ọ̀hún. Lára Glossophaga soricina tó jẹ́ ìbátan wọn, ẹ̀jẹ̀ ló ń ya wọ inú fọ́nrán náà tí wọ́n fi ń nà ró, omi á wá há sáàárín wọn. (Ti àdán Anoura fistulata ní Ecuador ló le jù: ahọ́n rẹ̀ gùn tó sẹ̀ǹtímítà 8.5, ó ju gígùn ara rẹ̀ lọ, inú igbá àyà ni ìdí rẹ̀ wà!)

Ìdí tí wọn kì í fi í yó nìyí: Glossophaga ò wúwo ju nǹkan bíi gíráàmù 10 lọ, ọ̀rá ara rẹ̀ ò sì tó nǹkan. Ṣúgà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu náà ló fi ń fò.

Àtẹ́gùn:
Ẹ fi í síta, àfi tí béárì bá ń wá ságbègbè yín. Ife ṣúgà funfun 1 sí ife omi 4. Ẹ má fi oyin sí i, ó tètè ń kan. Ẹ má fi aró pupa náà sí i. Nígbà ooru, ẹ máa dà á nù kẹ́ ẹ sì fọ ike ní ọjọ́ méjì-méjì. Tó bá ti ṣú bí omi ẹ̀kọ, ó ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ẹ gbé e jìnnà sí ògiri àti mọ́tò. Ìgbẹ́ wọn máa ń ṣàn bí omi, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ nítorí àtíkè òdòdó tí wọ́n ń lá kúrò lára irun wọn. Inú àtíkè yẹn ni wọ́n ti ń rí purotéènì, omi ṣúgà ò ní in.

Ará_Aṣálẹ̀:
Ẹ ṣeun gan-an. Ìgbà wo ni wọ́n ń lọ?

Ìràwọ̀_Alẹ́:
Tó bá fi máa di ìparí oṣù Kẹwàá, ọ̀pọ̀ wọn á ti padà sí Mẹ́síkò. Tẹ́ ẹ bá rí èyí tó wà nílẹ̀ lọ́sàn-án, ẹ má fọwọ́ lásán kàn án, torí àìsàn dìgbòlugi.