Ológbò inú ilé sùn síta, àjẹsára rẹ̀ sì ti kọjá àkókò

Ìbéèrè (Àjàṣẹ́): Ẹ kú iṣẹ́ o. Ológbò wa bọ́ síta lálẹ́ àná, àárọ̀ yìí ló wọlé. Ó ti yẹ kó tún gba àjẹsára dìgbòlugi láti bí oṣù 5. Ṣé ká ṣì máa wò ó ná?

Ìdáhùn 1: Ẹ má wò ó o. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ fi ìka tú irun rẹ̀ ní ọrùn, ẹsẹ̀ iwájú àti ìdí ìrù. Bí ológbò míì bá bù ú jẹ, ihò tí eyín dá sí i lára kéré bí ojú abẹ́rẹ́. Òkè á dí kíákíá, ìdọ̀tí á há sábẹ́ awọ, tó bá di ọjọ́ 2 sí 5, ó ti wú, ó ti gbọyún.

Ìdáhùn 2: Tó bá ti gbà á rí, abẹ́rẹ́ kan péré ló kù. Ẹ mú ìwé àjẹsára rẹ̀ dání lọ bá dókítà ẹran. Tí ọgbẹ́ bá wà, lónìí ni kí wọ́n gún un, kí ẹ sì ṣọ́ ọ nínú ilé fún ọjọ́ 45. Itọ́ tó ń dà, ohùn tó yí, ìbínú òjijì: ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ pe dókítà.

Ìdáhùn 3: Tó bá ha yín tàbí bù yín jẹ ńkọ́? Ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn, ìṣẹ́jú 15 gbáko, lẹ́yìn náà ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ata o!