Ihò tí omi ń gbà jáde lórí dẹ́ẹ̀kì, irú èwo ni kí n rà?

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn o. Tí òjò bá ti rọ̀, omi á kàn dúró sórí dẹ́ẹ̀kì ọkọ̀ ojú omi kékeré mi, torí ihò méjì tó wà lẹ́yìn ò ju 25 mm lọ, ewé kan ti tó dí i. Mo fẹ́ lù ú kó fẹ̀ dé 38 mm, ìyẹn á gba omi ju ìlọ́po méjì lọ, àmọ́ ẹnu ihò tí mo fẹ́ rà fi sí i, tó bá jẹ́ ti ike, oòrùn á jẹ ẹ́ títí á fi sán, tó bá jẹ́ irin bíráàsì náà, omi òkun ò ní jẹ́ kó pẹ́. Ṣé bíróǹsì ni àbí sténlẹ́ẹ̀sì? Àti pé tí èrò bá jókòó sẹ́yìn, omi tún ń gba ihò yẹn wọlé, ṣé rọ́bà ẹnu ihò tó ń pa dé fúnra ẹ̀ yẹn ń ṣiṣẹ́ àbí ìdọ̀tí á há sí i?